Ìlẹ̀kẹ̀ Dígí: Bí A Ṣe Ń Ṣe É, Bí A Ṣe Ń Wọ̀ Ọ́ àti Bí A Ṣe Lè Tọ́jú Rẹ̀

Kò sí ayẹyẹ ńlá kan ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tí ìlẹ̀kẹ̀ kì í yọjú sí. Ọba ń fi í ṣe adé, ìyàwó ń fi í ṣe ọrùn lọ́ṣọ̀ọ́, babaláwo ń so ó mọ́ ọrùn ọwọ́, ìyá sì ń fi í sí ìdí ọmọbìnrin rẹ̀. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wa ló gbà pé òyìnbó ló kọ́kọ́ kó ìlẹ̀kẹ̀ dígí wá sí ilẹ̀ Yorùbá. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Kí ọkọ̀ ojú omi àwọn Potogí tó gúnlẹ̀ sí etíkun wa ní apá ìparí ọ̀rúndún 15 ni àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ Ilé-Ifẹ̀ ti ń yọ́ dígí fúnra wọn, tí wọ́n sì ń sọ ọ́ di ìlẹ̀kẹ̀.

Àlàyé yìí wà fún gbogbo olùgbé ìpínlẹ̀ wa: ẹni tí ń sín ìlẹ̀kẹ̀ tà, ẹni tí ń rà á, ìyá tí ń fi í sára ọmọ, àti ẹni tí ó jogún okùn ìlẹ̀kẹ̀ kan lọ́wọ́ ìyá-ìyá rẹ̀ tí kò sì mọ ohun tí yóò fi ṣe. A óò sọ ibi tí ìlẹ̀kẹ̀ dígí ti ṣẹ̀ láàárín wa, bí a ṣe ń ṣe é, bí a ṣe lè wọ̀ ọ́ láìsí ewu, àti bí a ṣe lè tọ́jú rẹ̀ kí ó lè dé ọwọ́ àrọ́mọdọ́mọ wa. A óò sì sọ ohun tí ó yẹ kí ẹni tí ó bá bá ìlẹ̀kẹ̀ àtijọ́ pàdé nínú ilẹ̀ ṣe, nítorí ibẹ̀ ni àdánù tó pọ̀ jù ti ń ṣẹlẹ̀.

Igbó Olókun ní Ilé-Ifẹ̀

Ní apá àríwá ìlú Ilé-Ifẹ̀ ni ibi tí à ń pè ní Igbó Olókun wà. Olókun ni òrìṣà òkun àti ọrọ̀. Nínú ìtàn ẹnu Ifẹ̀, ìyàwó Odùduwà ni Olókun, iṣẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ ló sì sọ ọ́ di ọlọ́rọ̀. Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn ará ìlú ti ń wú ìlẹ̀kẹ̀ àti àfọ́kù ìkòkò tí dígí lẹ̀ mọ́ nínú jáde ní ilẹ̀ ibẹ̀. Nígbà tí Leo Frobenius, ará Jámánì, dé Ifẹ̀ ní ọdún 1910, ó bá irú àwọn nǹkan bẹ́ẹ̀ níbẹ̀, ó sì kọ̀wé nípa wọn.

Lẹ́yìn náà, àríyànjiyàn kan wà nílẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Àwọn kan sọ pé àwọn ará Ifẹ̀ kò mọ dígí ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Pé dígí tí a kó wá láti òkè òkun tàbí láti ilẹ̀ Lárúbáwá ni wọ́n kàn ń tún yọ́. Ní ọdún 2006, Lankton, Akin Ige àti Rehren gbé àyẹ̀wò kan jáde tí ó tako èrò yìí. Wọ́n wo ohun tí ó para pọ̀ di dígí Ifẹ̀, wọ́n sì rí i pé èròjà calcium àti alumina inú rẹ̀ pọ̀ gan-an, lọ́nà tí kò bá dígí Íjíbítì, ti Yúróòpù tàbí ti Íńdíà mu. Láti ọdún 2011, awalẹ̀pìtàn ọmọ Yorùbá kan, Abídèmí Babátúndé Babalọlá, wa ilẹ̀ Igbó Olókun lọ́nà ìmọ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ tí ó rí ju 12,000 lọ, àfọ́kù ìkòkò ìyọ́dígí sì ju 800 lọ, pẹ̀lú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ègé dígí tí ó ṣẹ́kù lẹ́yìn iṣẹ́. Àwọn nǹkan wọ̀nyí fi hàn pé láàárín nǹkan bí ọdún 1000 sí 1500 ni iṣẹ́ náà gbilẹ̀ níbẹ̀.

Yanrìn tí ó wá láti ara òkúta ilẹ̀ wa ni olórí èròjà dígí náà. Àwọn onímọ̀ tilẹ̀ dá a lábàá pé ìkarahun ìgbín lè wà lára ohun tí wọ́n fi kún un. Èròjà cobalt àti manganese ló fún púpọ̀ nínú ìlẹ̀kẹ̀ náà ní àwọ̀ aró. Irú dígí kan náà ni wọ́n ti rí ní Gao àti ní Essouk ní orílẹ̀-èdè Mali lónìí. Èyí fi hàn pé ìlẹ̀kẹ̀ Ifẹ̀ rin ọ̀nà jíjìn, ó gba inú ilẹ̀ dé etí aṣálẹ̀ Sàhárà.

Ẹ tún wo ère ìgbàanì Ifẹ̀. Ère idẹ ọba kan tí wọ́n rí ní Ìta Yemòó ní ọdún 1957 ní ìlẹ̀kẹ̀ ní ọrùn, ní àyà, ní ọwọ́ àti ní ẹsẹ̀. Ẹni tí ó ṣe ère náà fara balẹ̀ ya okùn ìlẹ̀kẹ̀ kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀. Ohun tí ó rí lára àwọn ọlọ́lá ìgbà rẹ̀ ni ó ṣe.

Bí dígí ṣe ń di ìlẹ̀kẹ̀

Yanrìn ni ìpìlẹ̀ dígí. Ṣùgbọ́n yanrìn nìkan kì í yọ́ bọ̀rọ̀; ooru tí ó nílò pọ̀ ju èyí tí iná igi lè mú wá lọ. Nítorí náà ni oníṣẹ́ ṣe máa ń po ohun mìíràn mọ́ ọn, tí yóò jẹ́ kí ó yọ́ ní ooru tí kò tó bẹ́ẹ̀. Inú ìkòkò amọ̀ tí ara rẹ̀ nípọn ni àwọn ará Ifẹ̀ ti ń yọ́ ọ. Bí ó bá ti yọ́ tán, dígí a máa fà bí oyin tí ó ki. Oríṣi ọ̀nà mẹ́ta ni a óò mẹ́nu bà tí ènìyàn ń gbà sọ ọ́ di ìlẹ̀kẹ̀.

Ọ̀nà kìíní ni fífà. Oníṣẹ́ yóò bu dígí yíyọ́, yóò dá ihò sí àárín rẹ̀, yóò sì fà á gùn títí yóò fi di ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tí inú rẹ̀ ṣófo. Bí ó bá ti tutù, yóò gé e wẹ́wẹ́, yóò sì tún fi iná rà á díẹ̀ kí etí rẹ̀ tó mú má baà gé òwú tàbí ara ènìyàn. Ọ̀nà yìí ni wọ́n fi ṣe púpọ̀ nínú ìlẹ̀kẹ̀ Igbó Olókun. Ìlẹ̀kẹ̀ kéékèèké ni ọ̀pọ̀ wọn, wọn kò tó ẹyọ àgbàdo kan.

Ọ̀nà kejì ni ti dígí lílọ̀, èyí tí àwọn Krobo ní orílẹ̀-èdè Gánà lókìkí fún títí di òní. Wọ́n a gún ìgò tí ó ti fọ́ lódó títí yóò fi kúnná, wọ́n a sẹ́ ẹ, wọ́n a sì dà á sínú ihò kéékèèké tí a gbẹ́ sára amọ̀ sísun. Wọ́n a ki igi ewé ẹ̀gẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ bọ àárín rẹ̀. Nínú iná, igi náà yóò jó dànù, ihò tí a ó fi sín in yóò sì ṣẹ́kù. Lẹ́yìn tí ó bá tutù, wọ́n a fi omi àti yanrìn yùn ún lórí òkúta kí ara rẹ̀ lè dán. Púpọ̀ nínú ìlẹ̀kẹ̀ ńláńlá aláràbarà tí ẹ ń rí ní ọjà wa, láti ọwọ́ wọn ni ó ti wá.

Ọ̀nà kẹta ni wíwé. Oníṣẹ́ yóò mú dígí wá sójú iná, yóò sì máa wé e mọ́ ara irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan bí ẹni ń wé òwú. Ọ̀nà yìí ni ó sún mọ́ ti àwọn Masaga, ẹgbẹ́ oníṣẹ́ dígí ti ìlú Bida ní ilẹ̀ Nupe. Inú ìgò àfọ́kù ni wọ́n ti ń rí dígí, wọ́n sì ń lo ẹwìrì láti mú kí iná wọn gbóná dáadáa. Àwọn ọ̀dọ́ oníṣẹ́ ọwọ́ ìgbà yìí náà ń lo ọ̀nà wíwé pẹ̀lú iná gáàsì.

Ohun kan wà tí ó kan ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: ìlẹ̀kẹ̀ kò gbọdọ̀ tutù lójijì. Òde rẹ̀ yóò sún kì kí inú rẹ̀ tó tutù, yóò sì sán lójú ẹsẹ̀ tàbí kí ó fọ́ lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan. Nítorí náà ni oníṣẹ́ ṣe máa ń bo ìlẹ̀kẹ̀ mọ́lẹ̀ nínú eérú gbígbóná, tàbí kí ó fi í sílẹ̀ nínú ààrò títí ooru yóò fi lọ díẹ̀díẹ̀.

Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ́ iṣẹ́ yìí gbọ́dọ̀ dáàbò bo ara rẹ̀. Lẹ́búlẹ́bú dígí léwu fún ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ fi ìbòmú bo imú, ẹ wọ awò ojú, ẹ sì wọ́n omi sí dígí kí ẹ tó máa lọ̀ ọ́. Ẹ ṣe é níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọdé wà nítòsí.

Ẹ mọ irú ìlẹ̀kẹ̀ tí ó wà lọ́wọ́ yín

Kì í ṣe gbogbo ìlẹ̀kẹ̀ ni dígí. Ó ṣe pàtàkì kí a mọ ìyàtọ̀, nítorí ìtọ́jú wọn kò rí bákan náà.

Sẹ̀gi ni olórí ìlẹ̀kẹ̀ dígí láàárín wa. Àwọ̀ aró ni ó ní. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé àwọn kan lára sẹ̀gi àtijọ́ sókè kí ìmọ́lẹ̀ lè là á já, a óò rí i pé àwọ̀ rẹ̀ yóò yí sí ti ewé tàbí ti ìyeyè. Bí àwọn àgbà ṣe ka sẹ̀gi sí tó ni wọ́n fi ń sọ ọmọ ní Sẹ̀gilọlá.

Iyùn kì í ṣe dígí. Inú òkun ni ó ti ń wá, ara ẹ̀dá omi kékeré ni wọ́n sì ti ń rí i. Ohun tó bá kan, bí ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí ọtí kíkan, lè jẹ ẹ́ lára.

Lántànà pupa tí ìlú Ìlọrin lókìkí fún, òkúta ni. Wọ́n ń gé e, wọ́n ń lu ihò sí i, wọ́n sì ń yùn ún kí ó lè dán.

Lágídígba dúdú tí àwọn obìnrin máa ń so mọ́ ìdí, èèpo ẹyìn ni wọ́n fi ń ṣe é láyé àtijọ́.

Ìlẹ̀kẹ̀ wẹ́wẹ́ aláwọ̀ púpọ̀ tí ó wà lára ọ̀pọ̀ adé ọba, dígí ni. Ṣùgbọ́n láti Yúróòpù ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti wá, pàápàá láti Venice ní Ítálì àti láti Bohemia. Àwọn oníṣẹ́ wa ni wọ́n sọ ọ́ di ohun tiwa, bí àwọn ará Ẹ̀fọ̀n-Aláayè tí wọ́n lókìkí nínú iṣẹ́ adé.

Láti mọ dígí yàtọ̀ sí ike, ẹ fi ìlẹ̀kẹ̀ náà kan ẹ̀rẹ̀kẹ́. Dígí a máa tutù, ike kì í fi bẹ́ẹ̀ tutù. Dígí wúwo, bí ẹ bá sì gbọ̀n ọ́n nínú àtẹ́lẹwọ́, ìró rẹ̀ a máa dún ketekete. Ẹ wo inú rẹ̀ lójú oòrùn, ẹ lè rí ìfófòó kéékèèké bíi ti inú omi. Ike sábà máa ń ní ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ ní ẹ̀gbẹ́ níbi tí ẹ̀yà méjì ti pàdé. Ẹ má ṣe fi iná dán ìlẹ̀kẹ̀ wò. Bí ó bá jẹ́ dígí àtijọ́ ni, ooru náà lè fọ́ ọ; bí ó bá sì jẹ́ ike, èéfín rẹ̀ kò dára fún ara.

Sínsín ìlẹ̀kẹ̀

Bí ìlẹ̀kẹ̀ bá dára tó, òwú rẹ̀ ni yóò sọ bí yóò ṣe pẹ́ tó. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ tẹ́ aṣọ tí ó ní ìrun díẹ̀ sílẹ̀ kí ìlẹ̀kẹ̀ má baà máa yí kiri. Ẹ yẹ ihò ìlẹ̀kẹ̀ kọ̀ọ̀kan wò. Èyí tí etí ihò rẹ̀ bá mú, ẹ yọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, nítorí yóò máa gé òwú díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi já. A lè fi ayùn tẹ́ẹ́rẹ́ tí a rì sínú omi fọ́n etí ihò náà kí ó lè dán.

Okùn ọ̀rá lágbára, omi kì í bà á jẹ́, ó sì dára fún ìlẹ̀kẹ̀ tí a ó máa wọ̀ lójoojúmọ́. Òwú rọ̀ lọ́rùn, ṣùgbọ́n òógùn máa ń jẹrà á. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún ó kéré tán. Rọ́bà fífà rọrùn fún ọwọ́, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ tí ó fi ń dẹ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ tí ó bá wúwo nílò okùn onírin tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fi ọ̀rá bò.

Ẹ ta kókó sí àárín ìlẹ̀kẹ̀ kan àti èkejì bí ìlẹ̀kẹ̀ náà bá jẹ́ olówó iyebíye. Kókó yìí ṣe iṣẹ́ méjì: kò ní jẹ́ kí dígí máa fi ara gbo dígí, bí okùn bá sì já, ìlẹ̀kẹ̀ kan péré ni yóò bọ́. Bí kò bá sí kókó, ẹ fi àyè tí ó tó ìlẹ̀kẹ̀ kan sílẹ̀ ní ìparí. Okùn tí a bá fà le koko máa ń tètè já níbi tí ó bá ti ká kò.

Bí ẹ bá fẹ́ so ohun ẹ̀ṣọ́ rọ̀ sí i, bí owó ẹyọ, idẹ kékeré tàbí ère dígí, àárín ni kí ẹ fi èyí tí ó wúwo jù sí, kí ẹ sì fi òrùka kékeré so ó kí ó lè máa yí bí ẹni tí ó wọ̀ ọ́ bá ń rìn. Ẹ má ṣe jẹ́ kí idẹ fara kan dígí tààrà.  Ẹ fi ìlẹ̀kẹ̀ wẹ́wẹ́ tàbí kókó òwú dá wọn lágbede méjì. Lẹ́yìn tí iṣẹ́ bá parí, ẹ di orí okùn méjèèjì mú, ẹ fà á díẹ̀. Ó sàn kí ó já lọ́wọ́ ẹni tí ó ṣe é ju kí ó já lójú agbo lọ.

Wíwọ ìlẹ̀kẹ̀

Ìlẹ̀kẹ̀ máa ń sọ̀rọ̀ nípa ẹni tí ó wọ̀ ọ́. Funfun ni ti àwọn olùsìn Ọbàtálá. Àwọn oníṣàngó a máa fi kele pupa àti funfun sí ọrùn. Ìdè ọwọ́ babaláwo sábà máa ń ní àwọ̀ ewé pẹ̀lú àwọ̀ rúsúrúsú. Àwọn ọlọ́ṣun fẹ́ràn idẹ àti àwọ̀ oyin, bí ẹ ti lè rí i ní Òṣogbo nígbà ọdún Ọ̀ṣun nínú oṣù kẹjọ. Àwọn baba ńlá wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Kúbà àti Bràsíìlì gbé àṣà yìí dání. Títí di òní, eleke ni àwọn ará Kúbà tí ń sin òrìṣà ń pe ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn wọn.

Ẹni tí kì í ṣe ẹlẹ́sìn ìṣẹ̀ṣe lè wọ àwọ̀ tí ó bá wù ú fún ẹ̀ṣọ́. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe ra ìlẹ̀kẹ̀ tí a ti lò ní ojúbọ láìmọ ibi tí ó ti wá. Ó lè jẹ́ pé wọ́n jí i gbé ni, ó sì lè jẹ́ ohun ìní gbogbo agboolé kan.

Ní ti ìlẹ̀kẹ̀ ìdí, àwọn àgbà ló sọ pé ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká so ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ ìdí ọmọ ẹlòmíràn. Ẹwà àti ìfẹ́ òbí ni ìlẹ̀kẹ̀ yìí ń fi hàn. Àwọn ìyá kan sì máa ń wò ó láti mọ̀ bóyá ọmọ ń sanra tàbí ó ń rù. Èyí dára gẹ́gẹ́ bí àmì àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n kò lè rọ́pò ìwọ̀n tí àwọn nọ́ọ̀sì ń wọn ọmọ ní ilé ìwòsàn. Ẹ máa gbé ọmọ lọ fún ìwọ̀n bí ó ti yẹ.

Ìkìlọ̀ wà fún ìlẹ̀kẹ̀ lára ọmọdé:

- Ẹ má ṣe fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ọrùn ìkókó tí ó fẹ́ sùn. Ó lè fún un lọ́rùn.
- Ẹ máa yẹ okùn ìlẹ̀kẹ̀ ìdí wò lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ọmọ ń dàgbà, okùn kì í dàgbà. Bí ìka méjì kò bá lè gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, àkókò ti tó láti tú u kí a sì tún un sín.
- Bí ara bá pupa tàbí ó bó lábẹ́ ìlẹ̀kẹ̀, ẹ bọ́ ọ, ẹ sì jẹ́ kí ojú ibẹ̀ gbẹ.
- Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọdé máa lá ìlẹ̀kẹ̀ tàbí kí ó máa jẹ ẹ́ lẹ́nu. Òjé wà nínú dígí àti ọ̀dà àwọn ìlẹ̀kẹ̀ kan, òjé sì léwu púpọ̀ fún ọpọlọ ọmọdé.
- Bí ìlẹ̀kẹ̀ bá wọ imú tàbí etí ọmọ, ẹ má ṣe fi abẹ́rẹ́, igi ìṣáná tàbí òwú ìfọtí wú u. Yóò tún wọlé sí i ni. Ẹ gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn.
- Bí ọmọ bá gbé ìlẹ̀kẹ̀ mì tí kò sì lè mí dáadáa, tí ó ń wú ikọ́ tàbí tí ètè rẹ̀ ń dúdú, ẹ sáré gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tó sún mọ́ yín jù lójú ẹsẹ̀. Ẹ má ṣe ki ìka bọ ọ́ lọ́fun láìrí ibi tí ìlẹ̀kẹ̀ náà wà.

Títọ́jú ìlẹ̀kẹ̀

Ìlẹ̀kẹ̀ dígí ìgbà yìí kò nira láti tọ́jú. Ẹ kọ́kọ́ fi lọ́fínńdà àti ìpara sára, ẹ jẹ́ kí ó gbẹ, kí ẹ tó wọ ìlẹ̀kẹ̀. Bí ẹ bá bọ́ ọ, ẹ fi aṣọ rírọ̀ nu òógùn kúrò lára rẹ̀. Bí ó bá dọ̀tí, ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ àti ọṣẹ díẹ̀ fọ̀ ọ́, kí ẹ lo búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tí ó rọ̀ yí etí ihò rẹ̀ ká. Ẹ fi omi tó mọ́ ṣàn án, ẹ tẹ́ ẹ sórí aṣọ kí ó gbẹ dénú okùn. Okùn tí ó bá tutù nínú àpótí yóò jẹrà, yóò sì máa rùn. Ẹ má ṣe lo omi gbígbóná, ẹ má sì lo ohun ìfọṣọ tí ń mú aṣọ funfun.

Ìlẹ̀kẹ̀ àtijọ́ yàtọ̀. Omi àti ilẹ̀ ti jẹ dígí tí ó ti pẹ́ nínú ilẹ̀ lára. Nígbà mìíràn, ojú rẹ̀ á máa bó bí ìpẹ́ ẹja, á sì máa tàn bí òṣùmàrè. Ẹ má ṣe fọ̀ ọ́, ẹ má ṣe fi epo pa á, ẹ má sì ṣe yùn ún kí ó lè dán. Ohun tí ó ń bó yẹn wà lára ìlẹ̀kẹ̀ náà; bí ó bá lọ, kò ní padà mọ́. Búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ tí ó rọ̀ gan-an ti tó.

Ẹ má ṣe tú okùn ìlẹ̀kẹ̀ ìdílé láìkọ́kọ́ ya àwòrán rẹ̀. Bí àwọn ìyá wa ṣe tò ó, èyí tí ó ṣáájú àti èyí tí ó tẹ̀ lé e, jẹ́ ara ìtàn rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ tún un sín, ẹ tò ó sórí aṣọ bí ó ṣe wà tẹ́lẹ̀, ẹ sì tọ́jú òwú àtijọ́ náà sínú ọ̀rá kan.

Ẹ fi òwú funfun tàbí aṣọ òwú wé ìlẹ̀kẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ gbé e sínú àpótí níbi tí oòrùn àti ọ̀rinrin kò sí. Ẹ má ṣe kó dígí, iyùn àti idẹ sínú àpò kan náà. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé pélébé kan: ta ni ó kọ́kọ́ ni ín, ìlú wo ni, ayẹyẹ wo ni wọ́n fi wọ̀ ọ́, ọ̀dọ̀ ta ni ó gbà dé ọwọ́ yín. Ìwé pélébé yìí lè níye lórí ju ìlẹ̀kẹ̀ náà lọ ní ogójì ọdún sí i.

Bí ẹ bá rí ìlẹ̀kẹ̀ nínú ilẹ̀

Nígbà tí a bá ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé, kànga tàbí ṣáláńgá ní Ilé-Ifẹ̀ àti àwọn ìlú àtijọ́ mìíràn, ìlẹ̀kẹ̀ lè jáde. Ó lè jẹ́ ìkòkò tí dígí lẹ̀ mọ́ nínú. Àwọn kan máa ń kó o lọ tà lójú ẹsẹ̀. Owó tí wọ́n ń rí níbẹ̀ kì í pọ̀, ṣùgbọ́n ohun tí ó ń sọnù pọ̀.

Ìdí rẹ̀ nìyí. Ìlẹ̀kẹ̀ kan nínú àtẹ́lẹwọ́ oníṣòwò kò lè sọ ọjọ́ orí rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí awalẹ̀pìtàn bá bá a nínú ilẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ èédú iná tí wọ́n fi yọ́ dígí àti àfọ́kù ìkòkò, ó lè gbé èédú náà lọ fún àyẹ̀wò kí a sì mọ ìgbà tí iná náà jó. Ipele ilẹ̀ tí nǹkan wà, àti ohun tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ni ẹ̀rí. Bí a bá ti da ilẹ̀ náà rú, ẹ̀rí ti bàjẹ́, kò sì sí ẹni tí ó lè tún un ṣe. Púpọ̀ nínú ilẹ̀ Igbó Olókun ni wọ́n ti da rú báyìí nítorí wíwá ìlẹ̀kẹ̀ tà. Apá ibi tí kò tí ì dà rú ló jẹ́ kí a lè fi hàn gbogbo ayé pé àwọn baba wa mọ dígí ṣe.

Òfin náà kò sì dákẹ́. Láti ọdún 1979 ni òfin ìjọba àpapọ̀ tí ó dá National Commission for Museums and Monuments sílẹ̀ ti ka á léèwọ̀ fún ẹnikẹ́ni láti wa ilẹ̀ nítorí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé láìgba àṣẹ. Ó sì léèwọ̀ láti kó irú ohun bẹ́ẹ̀ jáde kúrò ní orílẹ̀-èdè yìí láìsí ìwé àṣẹ.

Nítorí náà, bí ẹ bá bá ìlẹ̀kẹ̀ tàbí àfọ́kù ìkòkò bẹ́ẹ̀ pàdé:

- Ẹ dá iṣẹ́ dúró ní ojú ibẹ̀.
- Ẹ má ṣe fọ ohunkóhun, ẹ má ṣe hú u kúrò, ẹ má sì pín in láàárín ara yín.
- Ẹ ya àwòrán rẹ̀ bí ó ṣe wà nínú ilẹ̀, kí ẹ fi igi tàbí bàtà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí a lè mọ bí ó ṣe tóbi tó.
- Ẹ fi nǹkan bo ojú ibẹ̀ kí òjò má baà wọ́ ọ lọ.
- Ẹ fi tó ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí ti ìjọba àpapọ̀ létí. Ọ̀kan wà ní Ilé-Ifẹ̀ nítòsí ààfin Ọọ̀ni, ọ̀kan sì wà ní Òṣogbo. Ẹ tún lè sọ fún baálẹ̀ tàbí olórí àdúgbò yín kí ó bá yín ránṣẹ́.

Ìmọ̀ bí wọ́n ṣe ń fi yanrìn ṣe dígí ní Ifẹ̀ ti kúrò lẹ́nu àwọn ènìyàn. Kò sí agboolé kan tí ó ṣì ń ṣe é lónìí, kò sì sí ẹni tí ó kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ń ṣe é. Gbogbo ohun tí a mọ̀ nípa rẹ̀ wá láti inú ilẹ̀, láti ara ère, àti láti inú àpótí àwọn ìyá wa. Bí ìlẹ̀kẹ̀ àtijọ́ bá wà nílé yín, ẹ jókòó ti ẹni tí ó dàgbà jù nínú agboolé láàárín ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ bi í léèrè ohun tí ó mọ̀ nípa rẹ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà tí ó ṣì lè dáhùn.